Tí ìgbẹ́ ò jáde, tí ìsó náà ò jáde: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ìyàgbẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ra oògùn tó ń ṣí inú fún ẹni tó ní inú ń run òun tí òun ò sì rí ìgbẹ́ yà, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan: ṣé ìsó ń jáde? Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti èèyàn láti bi ẹlòmíì nírú nǹkan bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ àgbàlagbà, àmọ́ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè bi ẹni tí inú ẹ̀ wú, ìwọ̀nba ló máa là yín lójú tó ìyẹn. Ẹni tó ṣì ń só, afẹ́fẹ́ ṣì ń rí ọ̀nà gbà nínú ìfun ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ò só rárá láti àná, tí ò yàgbẹ́, tí inú ẹ̀ ń wú tó sì tún ń bì, ó ṣeé ṣe kí ìfun ẹ̀ ti dí, ẹni yẹn ò nílò oògùn ìyàgbẹ́ o, ọsibítù ló nílò, lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Àìsàn méjì ló wà níbí tí àwọn èèyàn máa ń kó pọ̀ sójú kan. Ọ̀kan ni ìgbẹ́ tó gbẹ, tó le, tí ò tètè jáde, ó ń ni èèyàn lára lóòótọ́ àmọ́ èèyàn lè tọ́jú ẹ̀ nílé. Ìkejì ni kí nǹkan dí ìfun pa, kí oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́ má rí ibi gbà kọjá mọ́. Oògùn tó máa wo àkọ́kọ́ sàn lè pa ẹni tó ní ìkejì, torí oògùn ìyàgbẹ́ tó lágbára máa ń mú kí ìfun máa fún ara ẹ̀ kíkankíkan, tí ibi tó dí ò bá sì ṣí, ìfun yẹn lè bẹ́. Tó bá bẹ́, ìgbẹ́ àti kòkòrò inú ẹ̀ á dà sínú ikùn, wàhálà tuntun tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn, ó sì máa ń gba ẹ̀mí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ò ju bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Bí inú ṣe ń ṣiṣẹ́

Tí oúnjẹ bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, inú àpòlúkù ló ń bọ́ sí, ibẹ̀ ló ti máa pò pọ̀ tó máa rọ̀, á wá gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan wọnú ìfun kékeré. Ìfun kékeré yẹn gùn tó nǹkan bíi mítà 6 lára àgbàlagbà, òun ló wá já sínú ìfun ńlá tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, títí dé ihò ìdí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ara fúnra ẹ̀ máa ń da omi sójú ọ̀nà yìí, itọ́ wà níbẹ̀, omi àpòlúkù wà níbẹ̀, òróòro, omi tó ń jáde lára ìfun, tẹ́ ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ èyí tá à ń fẹnu mu ó máa tó lítà 8 sí 9 lójúmọ́, ìfun á sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá rò ó wò tí ọ̀nà bá dí. Omi ń wọlé, kò rí ibi jáde, ìfun ń wú, bó sì ṣe ń wú bẹ́ẹ̀ ni kò lè fa omi padà dáadáa mọ́, ẹni náà á máa bì, ikùn ẹ̀ á kún fún omi nígbà tí ara ẹ̀ ń gbẹ, ìtọ̀ ẹ̀ á dín kù, á dúdú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń sáré fa dírípù sí i lára kí wọ́n tó ṣe nǹkan míì.

Ìfun kì í sinmi. Ó ń fún ara ẹ̀, ó ń tú ara ẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń ti oúnjẹ síwájú nìyẹn. Tó bá wá kan ibi tó dí, á fẹ́ fipá tì í kọjá, ìrora á dé, á le, á rọlẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i á tún dé. Ẹni tó ń ṣe á ká kò, á tún nà, á dìde, á tún dùbúlẹ̀, kò ní mọ bó ṣe fẹ́ ṣe ara ẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyí: tí ìrora tó ń dé tó ń lọ yẹn bá di èyí tí ò lọ mọ́, tí ikùn le koko tí ò ṣeé fọwọ́ kàn, tí ara gbóná, tí àyà ń lù kìkì, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má rí ọ̀nà dé apá ibẹ̀ nínú ìfun mọ́. Ìfun tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, wákàtí díẹ̀ ló máa fi kú. Tí ìrora bá tún wá lọ lójijì lẹ́yìn ìyẹn, tí ara ẹni náà ò sì yá, tó ń làágùn tútù, ẹ má yọ̀, ó lè jẹ́ pé ìfun ti bẹ́ ni.

Ohun mẹ́rin tẹ́ ẹ máa wò

Ìrora tó ń dé tó ń lọ, èébì, inú wíwú, àti kí ìgbẹ́ àti ìsó má jáde. Kò di ìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé kẹ́ ẹ tó gbéra o, torí ibi tí ọ̀nà ti dí ló máa sọ èyí tó máa kọ́kọ́ yọjú. Tó bá jẹ́ lókè ló ti dí, nítòsí àpòlúkù, èébì ló máa ń ṣáájú, á pọ̀, á máa tẹ̀ lé ara wọn, ikùn lè má wú rárá, ẹni náà tiẹ̀ tún lè yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì torí èyí tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń jáde yẹn, àwọn ará ilé á ní ó ti yàgbẹ́, kò sí nǹkan tó ń ṣe é, wọ́n á ní kó sùn. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, nínú ìfun ńlá, ikùn ló máa kọ́kọ́ wú, ìgbẹ́ àti ìsó á dúró, èébì lè má dé títí ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Ẹ máa wo àwọ̀ èébì náà. Oúnjẹ tó jẹ ló máa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé tàbí yẹ́lò torí òróòro ti wọ̀ ọ́, tó bá wá pọ́n bí ilẹ̀ tó sì ń rùn bí ìgbẹ́, ó ti pẹ́ tí ọ̀nà ti dí nìyẹn, kò sí ohun tẹ́ ẹ tún ń dúró dè.

Ọ̀kan wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ gan-an, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ irú ẹ̀. Àgbàlagbà kan ò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ pípẹ́, ó wá di pé omi-omi ni ìgbẹ́ ń rọra jáde lára ẹ̀ tó ń kan aṣọ ẹ̀, àwọn ọmọ á ní inú ń ṣí i, wọ́n á lọ ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ líle ló dì sísàlẹ̀, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yọ́ jáde, oògùn yẹn á wá jẹ́ kó dì sí i. Ẹni tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ní rọparọsẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn ìrora tó lágbára, ẹ máa fura sí èyí lára wọn. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka wo ìdí, kíá ló máa mọ̀.

Kí ló ń dí ìfun?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù tó bá jẹ́ ìfun kékeré àgbàlagbà ni àpá iṣẹ́ abẹ. Tí wọ́n bá ti la ikùn èèyàn rí, ì báà jẹ́ apẹ́ńdíìsì, ì báà jẹ́ pé wọ́n fi gbọ́mọ jáde, bí inú ṣe ń jinná, ó lè so ìfun pọ̀ mọ́ ara wọn tàbí mọ́ ara ikùn pẹ̀lú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, lọ́jọ́ kan ìfun á kọ́ okùn yẹn, á há. Ó lè jẹ́ oṣù kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì lè jẹ́ ogún ọdún. Ẹ̀bi dókítà kọ́ o, bí ara ṣe máa ń jinná ni, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ló máa ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ní àpá lára ikùn, tí inú wá ń run ún tó sì ń bì, kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé.

Ìpá ló tún tẹ̀ lé e. Ìyẹn kókó tó máa ń yọ níbi tí itan ti pàdé ikùn, tàbí ní ìdodo, tàbí lójú àpá iṣẹ́ abẹ, tẹ́ ẹ bá wúkọ́ á yọ, tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ á wọlé. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń wọlé, kò tíì le, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ fi í sílẹ̀, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ara yín ṣì le, nígbà tẹ́ ẹ lè fúnra yín mú ọjọ́. Torí ọjọ́ tó bá yọ tó kọ̀ tí ò wọlé mọ́, tó le, tó ń dùn yín, tí awọ orí ẹ̀ pọ́n tàbí tó dúdú, ìfun ti há síbẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi agbára tì í padà, ẹ má fi nǹkan gbígbóná jó o, ọsibítù tààrà ni. Àwọn obìnrin máa ń rò pé ọkùnrin nìkan ló ń ní ìpá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú kan wà lókè itan tó wọ́pọ̀ lára obìnrin, kékeré ló máa ń jẹ́, ó fara pamọ́, òun gan-an ló sì máa ń tètè há. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí inú ẹ̀ dí fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n wo abẹ́ òun dáadáa, kó má sọ pé ikùn nìkan ni kí wọ́n wò.

Ní ìfun ńlá, jẹjẹrẹ wà lára ohun tó ń dí i jù. Kì í déédéé dí lọ́jọ́ kan, ó máa ń rán àmì ṣáájú: ìgbẹ́ tó ti ń jáde dáadáa tẹ́lẹ̀ á yí padà, á di tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ á wà nínú ẹ̀, ẹni náà á máa rù, ẹ̀jẹ̀ ara á lọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ni jẹdíjẹdí o. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tó wá ń rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ ẹ̀ yí padà tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfun ẹ̀ wò, àní tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní jẹdíjẹdí tẹ́lẹ̀, torí èèyàn lè ní méjèèjì pa pọ̀.

Ìfun ńlá náà lè lọ́ mọ́ ara ẹ̀ bí ìgbà tí rọ́bà omi bá ká, tí omi ò kọjá mọ́, èyí wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà tí ìgbẹ́ ti ń yọ lẹ́nu tipẹ́, ikùn á wú lọ́nà tó máa bà yín lẹ́rù. Aràn tó pọ̀ nínú ọmọdé lè kó jọ di ìdì kan kó dí ìfun. Irun orí táwọn kan máa ń gbé mì lè kó jọ sínú àpòlúkù. Ìgbà míì sì wà tí kò sí ohun tó dí i, ìfun ló kàn kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí èròjà tó ń jẹ́ potassium inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, tàbí tí àìsàn ńlá míì bá wà lára.

Ti ọmọdé yàtọ̀

Ọmọ ìkókó tó bá bì, tí èébì náà jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù níṣẹ́jú yẹn, ẹ má ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ fún un, ẹ má dúró de bàbá ẹ̀ kó dé. Ó lè jẹ́ pé ìfun ẹ̀ lọ́ pọ̀ láti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ̀ ọ́, tí wọ́n bá pẹ́ gbogbo ìfun kékeré ló lè kú. Ọmọ tuntun tí ò bá ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 sí 48, ẹ sọ fún wọn, ó lè jẹ́ pé ihò ìdí ò là tàbí pé apá kan nínú ìfun ẹ̀ ò ní iṣan tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Tó bá wá jẹ́ ọmọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ọkùnrin ló wọ́pọ̀ jù, tó ń mu ọmú tán tó ń pọ̀ ọ́ jáde tó ń ta jìnnà, èébì náà ò ní àwọ̀ ewé, kété tó bì tán ebi á tún máa pa á, ẹnu ọ̀nà tó jáde láti àpòlúkù ẹ̀ ló nípọn jù. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń yanjú ẹ̀, ọmọ á sì dàgbà bí ọmọ tó kù.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ̀ ni ti ọmọ tó wà láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta. Ara ẹ̀ le tẹ́lẹ̀, lójijì ó fi igbe ta, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, ojú ẹ̀ funfun, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó dákẹ́, ó tiẹ̀ lè ṣeré, bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 sí i ó tún ké. Ìfun ẹ̀ ti wọ inú ara wọn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ki tó dà pọ̀ mọ́ ikun lè jáde nínú ìgbẹ́ ẹ̀, àmọ́ ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó yọ, ẹ má dúró dè é. Tẹ́ ẹ bá tètè gbé e dé, wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ tàbí omi tí wọ́n gba ìdí fẹ́ sí i tú u láìla ikùn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pẹ́ ọ̀rọ̀ di ti iṣẹ́ abẹ.

Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú rìmóòtù àti nǹkan ìṣeré, tí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí 2 ó ti lè jó ibẹ̀. Òòfà méjì tún burú, ọ̀kan á wà nínú apá kan ìfun, èkejì á wà ní apá ibòmíì, wọ́n á fa ara wọn títí ìfun tó wà láàárín á fi lu. Ẹ má fi ọwọ́ bọ ọ̀fun ọmọ kó lè bì í, ẹ gbé e lọ kí wọ́n ya x-ray.

Tó bá jẹ́ àpòlúkù ló dí

Ẹni tí ẹnu ọ̀nà àpòlúkù ẹ̀ ti há, oúnjẹ díẹ̀ ló máa jẹ tí á ní òun yó, lálẹ́ ó lè bi oúnjẹ tó ti jẹ láti àárọ̀ tàbí láti àná, kò ní àwọ̀ ewé, á rù gan-an, tó bá mi ara ẹ̀ omi á máa dún nínú ẹ̀. Ọgbẹ́ inú tó ti pẹ́, tó ń jinná tó tún ń ṣí, lè dá àpá síbẹ̀ tí á sọ ọ̀nà di kékeré. Jẹjẹrẹ àpòlúkù náà lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi ní kí ẹni náà wá kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ẹ̀, ẹ má sá fún un. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú wá láti ara kòkòrò Helicobacter pylori, tí Barry Marshall àti Robin Warren rí ní Ọsirélíà ní 1982 tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2005. Wọ́n lè fi ìgbẹ́ tàbí èémí yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn sì wà tó ń pa á, àmọ́ èèyàn ní láti lò ó tán bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen, diclofenac àti aspirin ló ń fa púpọ̀ nínú àwọn tó kù, pàápàá téèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́.

Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́, iṣan tó ń darí àpòlúkù wọn lè kú díẹ̀díẹ̀, àpòlúkù á lọ́ra, oúnjẹ á pẹ́ níbẹ̀ láìsí ohun tó dí i. Àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dín ara kù bíi semaglutide náà máa ń mú kó lọ́ra. Ẹni tí tiẹ̀ bá rí báyìí, kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, kó dín ọ̀rá kù, kó jẹ́ kí oúnjẹ rọ̀, kó má fi fáíbà (okùn inú èso, ẹ̀fọ́ àti ọkà tí kì í dà nínú) rọ́ ọ kún, torí fáíbà tó dáa fún ẹni tí ìgbẹ́ ẹ̀ le lè ni òun lára.

Tẹ́ ẹ bá fura pé ìfun ti dí

Ẹ dá oúnjẹ dúró pátápátá, ẹ dá omi náà dúró, tí ẹnu bá gbẹ kó fi omi yọ ẹnu kó tu ú dànù. Ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ kankan, ì báà jẹ́ ti ewé ì báà jẹ́ ti kẹ́míìsì. Ẹ má fi omi fún un nídìí. Ẹ má tẹ ikùn ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ máa fi ipá wọ́ ọ. Oògùn ìrora tó ní codeine tàbí tramadol, ẹ jìnnà sí i, ó máa ń mú kí ìfun sùn. Tó bá ń bì, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má lọ há a lọ́nà èémí.

Kí ẹnì kan nínú ilé máa wá mọ́tò, kí ẹlòmíì máa kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ sínú fóònù: ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó só kẹ́yìn, ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, iye ìgbà tó bì àti àwọ̀ ẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un rí, gbogbo oògùn tó ń lò, ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Ẹ kó páálí àwọn oògùn náà dání. Ọsibítù tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ tí x-ray sì wà ni kẹ́ ẹ máa lọ tààrà tó bá ṣeé ṣe, torí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ sí kékeré tí wọ́n fún un ní dírípù kan tí wọ́n tún ní kẹ́ ẹ lọ sí ibòmíì, àkókò ti ń lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń gba èèyàn wọlé pé kò só, kò yàgbẹ́, ó ń bì, inú ẹ̀ ń wú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lò, wọ́n á mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ.

Ohun tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀

Dírípù ni wọ́n á kọ́kọ́ fà. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú dé àpòlúkù kó máa fa omi àti afẹ́fẹ́ jáde, kò rọrùn nígbà tí wọ́n bá ń tì í bọ̀ ọ́, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa gbé itọ́ mì, ẹ máa gbé e mì, á tètè wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ inú á fúyẹ́. Wọ́n á tún fi rọ́bà sójú ara kí wọ́n lè máa wọn ìtọ̀. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ya x-ray tàbí CT scan (ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara). Àwọn ará ilé máa ń bínú pé kí ló dé tí wọn ò tètè ṣiṣẹ́ abẹ, àmọ́ tó bá jẹ́ okùn àpá ló há ìfun, tí kò sì sí àmì pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tú fúnra ẹ̀ pẹ̀lú dírípù àti rọ́bà imú yẹn láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á máa wá tẹ ikùn ẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Ìfun ńlá tó lọ́ náà, wọ́n lè gba ìdí ti rọ́bà bọ̀ ọ́ kí afẹ́fẹ́ tú jáde. Àmọ́ ìpá tó há, ìfun tó ti ń kú, ìfun tó ti bẹ́, ìyẹn ò ṣeé dúró fún, iṣẹ́ abẹ ni.

Nígbà míì wọ́n á gé apá tó ti bàjẹ́, wọ́n á fa ẹnu ìfun jáde síta ikùn kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ wọnú àpò kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń ba èèyàn lẹ́rù, àwọn kan tiẹ̀ máa ń kọ̀ pé àwọn yóò kúkú kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe títí ayé, wọ́n á dá a padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èyí tó bá sì jẹ́ títí ayé, àwọn tó ní in ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣègbéyàwó, wọ́n ń bímọ.

Tó bá wá jẹ́ ìgbẹ́ tó le lásán

Ẹni tó ń só, tí ò bì, tí ikùn ẹ̀ rọ̀, àmọ́ tí kì í yàgbẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tàbí tó ń yà á tó ń le bí ó ṣe ń tì í, èyí la lè tọ́jú nílé. Ẹ kọ́kọ́ wo oògùn tó ń lò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, codeine, tramadol, morphine, àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi verapamil, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi amitriptyline, oògùn inú gbígbóná tó ní aluminium, gbogbo wọn ló máa ń mú ìgbẹ́ gbẹ. Kò túmọ̀ sí kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀ fúnra yín o, ẹ sọ fún dókítà, ó lè yí i padà.

Fáíbà tó yẹ kí àgbàlagbà máa jẹ lójúmọ́ tó gírámù 25 sí 30, inú èso, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà tí wọn ò bó ló wà. Ẹ má kó o jọ lọ́jọ́ kan torí inú á kún fún afẹ́fẹ́, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa mu omi sí i. Fáíbà láìsí omi á tún mú kó dì ni. Ẹ máa rìn, kódà nínú ilé.

Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì gan-an ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá ti àárọ̀, ìfun ńlá máa ń jí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ jókòó, bó gbọ̀n yín bí kò gbọ̀n yín. Ẹ fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ má fi agbára tì í, ẹ máa mí sínú ikùn. Tí ìṣẹ́jú 10 bá kọjá tí kò wá, ẹ dìde. Èyí tó ń ba ìdí èèyàn jẹ́ jù ni kí ìgbẹ́ gbọ̀n ọ́n kó sọ pé òun ò tíì ráyè, á pa á mọ́ra, ìfun ńlá á máa fa omi ara ẹ̀, lọ́la á le ju tòní lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé tí kì í fẹ́ lo tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ilé ìwé ló ń ṣe èyí jù.

Tí ìwọ̀nyẹn ò bá tó, oògùn tó ń fa omi sínú ìgbẹ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lò, bíi macrogol tàbí lactulose. Lactulose máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má mu ìlọ́po méjì torí pé kò ṣe nǹkan kan lálẹ́ àkọ́kọ́. Senna àti bisacodyl ló ń ta ìfun jí, téèyàn bá mu tábúlẹ́ẹ̀tì bisacodyl lálẹ́, wákàtí 6 sí 12 ló máa fi ṣiṣẹ́, ó dáa fún ìgbà díẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ojoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ ti ń ṣe gbogbo ẹ̀ tí kò yí padà, ẹ lọ yẹ ara yín wò.

Ẹni tí ìfun ẹ̀ ti dí rí

Ó tún lè dí. Nígbà tó bá kọ́kọ́ padà sílé, oúnjẹ tó rọ̀ ni kó máa jẹ, díẹ̀díẹ̀, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná dáadáa. Tí dókítà bá sọ pé ibì kan nínú ìfun ẹ̀ ti há, kó yẹra fún fáíbà tó ní okùn àti èèpo èso tí kì í dà, títí wọ́n á fi sọ pé ó ti lè máa jẹ ẹ́, ìmọ̀ràn fáíbà tí mo kọ sókè kì í ṣe tiẹ̀. Kó mọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà, inú kíkún díẹ̀, ìrora díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Kó ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó ń kúrò ní ọsibítù àti èsì scan ẹ̀ sínú fóònù, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni kan tó sún mọ́ ọn, kí dókítà tó bá bá pàdé lóru lè mọ ohun tí wọ́n gé àti ohun tí wọ́n rán.